State ID, pámíìtì àbí láísẹ́ǹsì: èwo ló bá yín mu ní New York?

Àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, State ID mi ti fẹ́ẹ́ parí, ṣé kí n kàn lọ ríníù ẹ̀ ni àbí kí n kúkú pààrọ̀ ẹ̀ sí pámíìtì?" State ID ni káàdì ìdánimọ̀ tí ìpínlẹ̀ ń fún ẹni tí kì í wa mọ́tò, pámíìtì sì ni ìwé tó ń jẹ́ kéèyàn máa kọ́ mọ́tò kó tó gba láísẹ́ǹsì. Òun ni ẹni kẹrin tó máa bi mí ní ìbéèrè yẹn láàárín oṣù méjì. Orí fóònù ni mo ti ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù máa ń já, ẹlòmíì á gbọ́ ìdajì á sáré lọ sí DMV, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní àwọn káàdì yìí, torí náà mo jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yé mi, kẹ́ ẹ lè gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ sì wo èyí tó bá yín mu. New York ni mo ń sọ o. Ẹni tó bá wà ní New Jersey, Maryland tàbí Texas, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, ẹ má fi tibí ṣe tibẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Pámíìtì fúnra ẹ̀, ID ni. Mo máa ń tún èyí sọ torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Fọ́tò yín wà lára ẹ̀, orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́sì yín, gbogbo ẹ̀ pátá. Ẹ lè gbé e lọ sí báńkì, ẹ lè fi han síkiọ́rítì tó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ lè fi gba oògùn. Ẹni tó bá pààrọ̀ State ID ẹ̀ sí pámíìtì ò pàdánù ID kankan, ID yẹn náà ló ṣì mú lọ́wọ́, wọ́n kàn fi àṣẹ láti máa kọ́ mọ́tò kún un fún un ni. Àwọn tó ń bẹ̀rù, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé "tí mo bá wá feeli road test ńkọ́, ṣé mi ò ní wà láìní ID?" Rárá o. Ẹ lè feeli road test, ìyẹn ìdánwò wíwa mọ́tò lójú ọ̀nà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pámíìtì yín ṣì wà lápò yín, wọn ò ní gbà á lọ́wọ́ yín torí ìyẹn.

Ìkejì, èèyàn ò lè ní méjèèjì pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti ní State ID ti New York, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gba pámíìtì, ẹ máa fi State ID yẹn sílẹ̀ ni. Mo mọ ẹni tó fẹ́ tọ́jú State ID sí ilé kó sì máa gbé pámíìtì kiri, ó ní tí ọ̀kan bá sọnù òmíì á wà nílẹ̀. Èrò tó dáa ni, àmọ́ DMV ò gbà á. Nọ́ńbà yín ò ní yí padà ṣá, nọ́ńbà 9 tó wà lára State ID yẹn, òun náà ló máa wà lára pámíìtì, òun náà ló máa wà lára láísẹ́ǹsì, torí náà ibi tẹ́ ẹ bá ti fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí wàhálà.

Ẹ wá rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kì í ṣe méjì: kẹ́ ẹ dúró sórí State ID, kẹ́ ẹ gba pámíìtì kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ gba láísẹ́ǹsì tán pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Owó:
State ID – kò ju bíi 15 dọ́là lọ, àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní 62 ń san kéré sí i.
Pámíìtì – láti bíi 64 dọ́là lọ sókè, ọjọ́ orí yín àti ibi tẹ́ ẹ ń gbé ló máa sọ iye tó máa jẹ́, àwa tá a wà nínú New York City àti àwọn kaúńtì tó yí i ká máa ń san ju àwọn ará òkè bíi Buffalo lọ.
Láísẹ́ǹsì – owó pámíìtì tẹ́ ẹ ti san yẹn náà ni, ó ti kó láísẹ́ǹsì àkọ́kọ́ àti road test méjì mọ́ra. Tẹ́ ẹ bá feeli méjèèjì, 10 dọ́là lẹ máa fi ra méjì míì.

Bó ṣe ń pẹ́ tó:
State ID tó ọdún 8. Pámíìtì bíi ọdún 5. Láísẹ́ǹsì tẹ́ ẹ bá ríníù, ọdún 8.

Ìdánwò:
State ID – kò sí rárá.
Pámíìtì – wọ́n á yẹ ojú yín wò, lẹ́yìn náà ìbéèrè 20, ẹ gbọ́dọ̀ gba 14, nínú ìbéèrè 4 tó jẹ́ ti àmì ojú ọ̀nà ẹ gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 2.
Láísẹ́ǹsì – kíláàsì wákàtí 5, lẹ́yìn náà road test.

Tẹ́ ẹ bá wo ti owó yẹn nìkan, ẹ máa ní State ID ló dáa jù. Àmọ́ ẹ wò ó báyìí: ẹni tó mọ̀ pé òun máa wa mọ́tò lọ́jọ́ kan, tó wá lọ san owó State ID lónìí, tó tún padà wá san owó pámíìtì lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló san, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún gba àyè níbi iṣẹ́. Fún àwa tó jẹ́ pé ọjọ́ tá ò bá ṣiṣẹ́ a ò gbowó, ọjọ́ kan tá a pàdánù yẹn ju owó káàdì fúnra ẹ̀ lọ. Ní tèmi, tí State ID yín bá ti fẹ́ẹ́ parí tí ojú yín sì dáa, ẹ má ríníù ẹ̀, ẹ gba pámíìtì lọ tààrà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kó má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín

Ìgbà òtútù ni mo lọ pààrọ̀ tèmi. Mo ti di sítísìn ní bí oṣù mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ ìbúra wọ́n gba gíríìnkáàdì mi, mo wá fi sátífíkéètì sítísìn yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tí mò ń retí. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi ti parí tipẹ́. Ká sòótọ́, State ID nìkan ló ń gbé orúkọ mi kiri nígbà yẹn, mi ò sì ronú kàn án.

Ọjọ́ Monday ni apọ́ínmẹ́ǹtì DMV mi bọ́ sí. Mo gba 17 nínú 20, inú mi dùn, obìnrin tó wà ní wíńdò ya fọ́tò mi, ó mú State ID mi, ó sì na bébà kan sí mi, bébà funfun pẹlẹbẹ, orúkọ mi wà lára ẹ̀, àdírẹ́sì mi wà lára ẹ̀, kò sí fọ́tò níbẹ̀. Ó ní káàdì á wá nípasẹ̀ poósì ní bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo ti dé ibi bọ́ọ̀sì kí n tó rántí Friday. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Houston, Friday yẹn ni mo máa wọkọ̀ òfurufú.

Bébà yẹn kì í ṣe ID ní pápákọ̀ òfurufú. TSA, àwọn tó ń yẹ èrò wò níbẹ̀, ò ka bébà fúngbà díẹ̀ sí. Wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà yẹ ẹni tí ò ní ID lọ́wọ́ wò, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi dá yín lójú pé ẹ máa kọjá, kí n wá lọ dúró ní ẹnu géètì pẹ̀lú àpótí kí wọ́n dá mi padà, mi ò lè ṣe é. Mi ò lọ. Aṣọ ẹbí tí mo ti rán, aláwọ̀ osùn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi títí Saturday fi kọjá, orí WhatsApp ni mo ti wo bí wọ́n ṣe ń gbé ìyàwó wọlé. DMV ò ṣe mí ní nǹkan kan, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn, èmi ni mi ò wo kàlẹ́ńdà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, ẹ wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ máa wọkọ̀ òfurufú? Ṣé ẹ máa ṣí àkáǹtì, ẹ máa buwọ́ lu ìwé ilé, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ mú ID wá? Tẹ́ ẹ bá ní ìwé míì tó ní fọ́tò tí kò tíì parí, bíi pásípọ́ọ̀tù tàbí gíríìnkáàdì, ẹ lọ pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Tó bá jẹ́ State ID nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kí nǹkan wọ̀nyẹn kọjá ná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ ni ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ti orí pámíìtì bọ́ sórí láísẹ́ǹsì. Nígbà yẹn pámíìtì tó ní fọ́tò á ṣì wà lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá pásì road test, ìwé tí wọ́n á fún yín àti pámíìtì yẹn lẹ máa jọ gbé kiri, ẹ lè máa fi wa mọ́tò fún ọjọ́ 90 kí káàdì láísẹ́ǹsì tó dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan, ìyẹn láti State ID sí pámíìtì, ni àyè yẹn máa ń ṣí sílẹ̀.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ

Fọ́ọ̀mù MV-44 lẹ máa kún, fọ́ọ̀mù kan náà ni fún State ID, pámíìtì àti láísẹ́ǹsì, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ kàn máa fi àmì sí. DMV máa ń ka ẹ̀rí tẹ́ ẹ mú wá ní póìǹtì, ó gbọ́dọ̀ pé 6. Ibi tí ẹni tó ti ní State ID ti rọ̀ṣọ̀mù nìyí, torí State ID ti New York tí kò tíì parí, òun nìkan ti tó póìǹtì 6. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa kó pásípọ́ọ̀tù, káàdì Social (Social Security), ìwé báńkì, bíìlì iná, títí á fi pé.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ. Àwa Yorùbá ni mò ń bá wí níbí. Pásípọ́ọ̀tù á sọ pé Oluwaseun Adebisi, káàdì Social á sọ pé Seun, ìwé báńkì á fi orúkọ bàbá síwájú, ìyàwó ilé á ti fi orúkọ ọkọ kún un ní ibì kan, kò sì fi kún un níbòmíì. Ẹni tó wà ní wíńdò ò mọ̀ pé Seun àti Oluwaseun, ẹnì kan náà ni. Orúkọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lára láísẹ́ǹsì yín, ẹ jẹ́ kó bá ti Social mu kẹ́ ẹ tó lọ, tẹ́ ẹ bá ti yí orúkọ padà nígbà ìgbéyàwó, ẹ mú sátífíkéètì ìgbéyàwó yẹn gan-an dání, kì í ṣe fọ́tò ẹ̀ nínú fóònù.

Nǹkan kan tún wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún gidigidi. Apá kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Tẹ́ ẹ ò bá tíì di sítísìn, ì báà jẹ́ pé ẹ ti ní gíríìnkáàdì láti ọdún 10, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má buwọ́ lù ú níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe sítísìn tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀ jẹ́ pátápátá, "mi ò mọ̀" ò sì ní gba èèyàn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bi í léèrè lọ́dọ̀ àwọn immigration. Ẹ fara balẹ̀ ka gbogbo àpótí tó wà nínú ìwé yẹn, tí òyìnbó ẹ̀ bá ṣòro, ẹ gbé e wálé kí ọmọ yín bá yín kà á.

Ìdánwò pámíìtì yẹn ò le. Ìwé àwọn dírẹ́bà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì DMV, ẹ kà á tán, ẹ tún un kà. Nǹkan tí wọ́n máa ń béèrè ni irú èyí: ọ̀nà tó yẹ kéèyàn jìnnà tó sí ibi omi àwọn panápaná kó tó páàkì, ẹsẹ̀ bàtà 15. Bọ́ọ̀sì ọmọ ilé-ìwé bá tan iná pupa, ẹ dúró, yálà ẹ wà lẹ́yìn ẹ̀ tàbí ẹ̀ ń pàdé ẹ̀, kódà tí àlà bá wà láàárín ọ̀nà, New York ò fi ìyẹn ṣeré. Nínú New York City, níbi tí wọn ò bá ti kọ nǹkan míì, máìlì 25 ní wákàtí kan ni òpin eré láti 2014.

Pámíìtì àti láísẹ́ǹsì: níbo ni wọ́n ti yàtọ̀?

Ẹni tó ní pámíìtì ò lè dá wa mọ́tò, ẹni tó ti tó ọdún 21 tó sì ní láísẹ́ǹsì tó dáa gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Àwọn ibì kan sì wà tí kò lè dé rárá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ojú ọ̀nà inú páàkì ìgbafẹ́ nínú New York City, àwọn afárá àti ihò abẹ́ omi tó wà lábẹ́ àṣẹ Triborough Bridge and Tunnel Authority, àti ní Westchester, àwọn ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní Hutchinson River (Hutch), Saw Mill River, Cross County àti Taconic. Ẹni tó ń gbé Bronx tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní "jẹ́ ká gba Hutch lọ sí White Plains kọ́ mọ́tò", ẹ má gbà fún un, ojú títì inú àdúgbò ni kẹ́ ẹ máa lò.

Láti pámíìtì dé láísẹ́ǹsì, kíláàsì wákàtí 5 ló kọ́kọ́ wà, wọ́n á fún yín ní sátífíkéètì tó ń lo ọdún kan, ọdún yẹn bá kọjá kẹ́ ẹ tó pásì, ẹ máa tún kíláàsì yẹn ṣe. Ilé-ìwé tí mo kọ́kọ́ lọ fẹ́ ta lẹ́sìnnì 20 fún mi pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ bíi pé dandan ni. Irọ́ ni. Kíláàsì wákàtí 5 nìkan ni dandan fún àgbàlagbà, lẹ́sìnnì ojú ọ̀nà, ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá nílò lẹ máa rà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó lè máa jókòó tì yín, ẹ fi owó yẹn pamọ́.

Lọ́jọ́ road test ẹ gbọ́dọ̀ mú mọ́tò wá, mọ́tò tó ní ìwé, tó ní ìnṣọ́ránsì, tí ìnsípékíṣọ̀n ẹ̀ ò parí, àti ẹni tó ní láísẹ́ǹsì tó máa wa yín débẹ̀. Ẹni tó ń dán yín wò á máa ka àṣìṣe ní póìǹtì, tó bá ti ju 30 lọ, ó parí nìyẹn.

Ọkọ mi wa mọ́tò n'Íbàdàn fún ọdún 12, Mókólá, Ìwó Road, Challenge, kò sí ibi tí kò wà á dé, ó wá feeli nígbà àkọ́kọ́. Inú ẹ̀ ò dùn rárá, ó ní ta ló fẹ́ kọ́ òun ní mọ́tò. Àmọ́ èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rí i. Ó dé ibi STOP, mọ́tò yẹn rọra ń yí, kò dúró pátá, táyà ò dákẹ́. Ó fẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà, ó fi ojú wo dígí lásán, kò yí orí padà wo ẹ̀gbẹ́. Nílé, ẹní bá dúró pátá níbi tí kò sí ẹnì kankan, ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á fun fèrè mọ́ ọn. Níbí, dídúró yẹn gan-an ni wọ́n wá wò. Ìgbà kejì, mo ní kó máa ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" sókè níbi STOP, kó sì yí orí débi tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á fi rí etí ẹ̀. Ó pásì. Nǹkan míì tó yẹ kí ẹni tó ti ń wa mọ́tò ní ìpínlẹ̀ míì mọ̀ ni pé nínú New York City, ẹ ò lè yà sọ́tùn-ún tí iná bá pupa, àyàfi níbi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ lè yà.

Àwọn tó bá ní láísẹ́ǹsì Nàìjíríà máa ń bi mí pé ṣé wọn ò lè kàn pààrọ̀ ẹ̀ ni. New York máa ń pààrọ̀ láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ míì ní Amẹ́ríkà àti ti Kánádà, ti Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ẹ máa ṣe gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè 20, wákàtí 5, road test. Tẹ́ ẹ bá sì pásì, ẹni tó dán yín wò á gba láísẹ́ǹsì Nàìjíríà yẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá ní in lọ́kàn láti padà sílé, ẹ bi í ní ojú ẹsẹ̀ pé ọ́fíìsì wo ni wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ sí.

Standard, REAL ID, Enhanced

Ì báà jẹ́ State ID, ì báà jẹ́ pámíìtì, ì báà jẹ́ láísẹ́ǹsì, oríṣi mẹ́ta yìí ló wà, ìbéèrè tí wọ́n á bi yín ní wíńdò nìyẹn.

Standard ni wọ́n máa ń kọ "NOT FOR FEDERAL PURPOSES" sí. Ẹ lè fi wa mọ́tò, ẹ lè fi ṣe ID káàkiri, àmọ́ láti May 7, 2025, òun nìkan ò tó láti fi wọkọ̀ òfurufú nínú Amẹ́ríkà, ẹ máa nílò pásípọ́ọ̀tù tàbí irú ìwé bẹ́ẹ̀. REAL ID, tí wọ́n ń gbà fún ọkọ̀ òfurufú yẹn, ní ìràwọ̀ lára, kò lówó kankan lé, àmọ́ ẹ̀rí méjì ni wọ́n máa béèrè pé New York lẹ̀ ń gbé. Enhanced ní àsíá Amẹ́ríkà lára, sítísìn nìkan ló wà fún, 30 dọ́là ló fi lé, àǹfààní tó ní lórí REAL ID ò ju pé ẹ lè fi gba ojú ọ̀nà tàbí orí omi wọlé padà láti Kánádà, Mẹ́síkò àti àwọn erékùsù Caribbean kan. Ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ò nílò kó san 30 dọ́là yẹn, àyàfi tó bá ń lọ sí Toronto lóṣooṣù.

Tẹ́ ẹ bá ti ní REAL ID gẹ́gẹ́ bíi State ID, ẹ rí i dájú pé REAL ID náà lẹ fi àmì sí nínú fọ́ọ̀mù nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba pámíìtì, kí wọ́n má lọ fún yín ní Standard.

Fún àwọn tí ìwé wọn ò tíì tò, mo fẹ́ sọ ọ́ kedere torí ẹ̀rù ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa wa mọ́tò láìní nǹkan kan. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Green Light bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2019 ní New York, òfin yẹn ní ẹnikẹ́ni tó bá ti tó ọdún 16 lè gba pámíìtì àti láísẹ́ǹsì Standard, wọn ò ní béèrè pé irú ìwé wo lẹ fi wà ní Amẹ́ríkà. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí kò tíì parí wúlò níbẹ̀. Ẹni tí ò ní nọ́ńbà Social á buwọ́ lu ìwé pé wọn ò fún òun rí. Ti ìdìbò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra fún un jù.

Ta ló yẹ kó dúró sórí State ID?

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó gba láísẹ́ǹsì, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá bi mí. Ìyá tó wá bá àwọn ọmọ ẹ̀ gbé, tí ojú ẹ̀ ò dá ṣáká mọ́, DMV ń fẹ́ 20/40 ó kéré tán ní ojú kan, State ID ló dáa fún wọn, ó rọrùn, ó pẹ́, kò sí ìdánwò. Àwọn àgbàlagbà tó ti ní láísẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀ tí dókítà ti ní kí wọ́n má wa mọ́tò mọ́ náà lè pààrọ̀ ẹ̀ sí State ID. Àmọ́ kí wọ́n ronú dáadáa, torí láísẹ́ǹsì tó bá ti parí ju ọdún 2 lọ, ẹni tó bá tún fẹ́ wa mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ láti orí pámíìtì.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ọdún 16 náà. Wọ́n lè gba pámíìtì lóòótọ́, àmọ́ láísẹ́ǹsì àwọn ọ̀dọ́ tó wà kí wọ́n tó pé 18, wọn ò lè fi wa mọ́tò nínú New York City rárá. Ẹni tó bá ṣe driver education nílé-ìwé lè gba ti àgbà ní 17. Tó bá jẹ́ ID tó máa fi ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi lẹ̀ ń wá fún un, State ID ti tó fúngbà yẹn.

Ìnṣọ́ránsì tún wà ńbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì máa ń béèrè gbogbo ẹni tó ní láísẹ́ǹsì nínú ilé, tí ọkọ yín bá ní mọ́tò tí ẹ̀yin náà wá gba láísẹ́ǹsì, owó ìnṣọ́ránsì tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣooṣù lè gòkè, ẹni tuntun lẹ jẹ́ lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbà á, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó ń gbé lẹ́bàá tírénì, tí iṣẹ́ ẹ̀ wà lẹ́bàá tírénì, tí kò ní owó mọ́tò, mi ò rí ohun tó fẹ́ fi láísẹ́ǹsì ṣe lọ́dún yìí.

Àmọ́ àwa tá à ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà nílé wọn, ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀. Ìbéèrè kejì tí ẹ́jẹ́ǹsì máa ń béèrè lẹ́yìn sátífíkéètì ni pé "ṣé ẹ máa ń wa mọ́tò?" Iṣẹ́ Bronx, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì dé ibẹ̀. Iṣẹ́ Rockland àti apá òkè Westchester, níbi tí ilé kan jìnnà sí èkejì tí bọ́ọ̀sì ò sì dé, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì ni wọ́n ń gbé e fún. Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú báyìí, èmi ni mo ń wà wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà ní gbogbo ọjọ́ Tuesday nínú mọ́tò tiwọn, wọ́n á de bẹ́líìtì, wọ́n á ní "not so fast", bẹ́ẹ̀ 20 ni mò ń sá. Mi ò lè rí iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú State ID.

Ohun tí mo wá sọ fún àbúrò mi lálẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn nìyí. State ID ẹ̀, tó jẹ́ REAL ID, máa parí ní March. Ó ń lọ sí Atlanta ní February fún ìkómọ, gíríìnkáàdì tuntun ẹ̀ ò sì tíì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn immigration tó ń bá a ríníù ẹ̀. Mo ní kó má fọwọ́ kan State ID yẹn títí á fi dé, kó fi wọkọ̀ òfurufú lọ àti bọ̀. Kó mú apọ́ínmẹ́ǹtì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú March, kí State ID yẹn tó kú, kó lè fi í gba póìǹtì 6 ẹ̀, kó fi àmì sí REAL ID, kó sì máa ka ìwé dírẹ́bà nínú tírénì 2 láti ìsinsìnyí. Ó ní òun ti gbọ́, ó ní ṣé mo máa bá òun jókòó nínú mọ́tò tóun bá gba pámíìtì. Mo ní kó máa bọ̀ ní àárọ̀ Sunday, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀, ojú títì máa ń dákẹ́ nígbà yẹn.